Àwọ̀n Wo Ni Kí Ọmọ Mi Rà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ Ládàánì kò ju kí ó dìde ní òru kí ó pe ìrun lọ. Bí ẹ bá ń gbé ní ìlú Ẹ̀pẹ́, tí mọ́sáláṣí yín kò sì jìnnà sí etí ọ̀sà, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀ràn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń pe ìrun Àsùbáà ni ó ń pàdé àwọn apẹja bí wọ́n ti ń lọ sójú omi, òun náà ni wọ́n sì máa ń dá dúró ní ẹnu ọ̀nà láti bi léèrè ohun tí wọn kò fẹ́ gbé tọ Lèmọ́mù àgbà lọ. Ǹjẹ́ ẹja tí ó ti kú kí á tó fà á sókè dára ní jíjẹ? Ǹjẹ́ ènìyàn lè kírun nínú ọkọ̀? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á fi ẹja tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀ há ìwọ̀? Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kò ti ẹnu apẹja wá. Ìyá kan tí ó ń yan ẹja ní àdúgbò wa ni ó bi mí, nínú gbogbo ìbéèrè tí mo sì ti gbọ́ ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, n kò rí èyí tí ó kan ilé àti ọmọ tó o.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí omi ti máa ń rí ní àkókò yìí, kí àwọn tí kò gbé etí omi lè bá wa lọ. Láti oṣù kejìlá ọdún títí wọ inú oṣù kejì ni ọyẹ́ máa ń mú lọ́dọ̀ wa. Òjò ti dá. Odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn tí ń ṣàn wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí ti fà, ẹrẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá sì ti rọlẹ̀. Ọ̀sà Lẹ́kí yìí tóbi, omi rẹ̀ bo ilẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 247 níbùú-lóròó, ṣùgbọ́n kò jìn. Ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó mítà 3. Ní ìhà Èkó, níbi tí ọ̀sà ti rí ẹnu kan ṣoṣo gbà bọ́ sínú òkun, omi iyọ̀ máa ń gòkè wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí omi òjò tí ìbá tì í padà kò sí mọ́. Koríko olódòdó tí ń léfòó, èyí tí a kọ́kọ́ rí ní ìhà Àgbádárìgì ní 1984 tí ó sì ń dí ọ̀nà ọkọ̀ wa láti ìgbà náà, a máa kú níbi tí iyọ̀ bá ti kàn án. Omi á wá mọ́ gaara. Èyí dùn mọ́ ẹni tí ó fẹ́ pọn omi, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ apẹja, nítorí bí ojú rẹ ti ń rí ẹja, bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹja ń rí àwọ̀n rẹ. Ní ìdájí, afẹ́fẹ́ a máa tutù ju omi lọ. Ẹ ó rí ọmọkùnrin apẹja tí ètè rẹ̀ ti bó, tí ó ki ọwọ́ bọ inú ọ̀sà kí ọwọ́ náà lè móoru díẹ̀.

Ìyá tí mo ń wí yìí, opó ni. Ó pé ọdún 2 tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì fi ọmọ 4 sílẹ̀ fún un. Àkọ́bí wọn ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 19. Ó ń bá apẹja kan tí ó ní ọkọ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ìpín ti ń rí nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ á mú ìpín tirẹ̀, àwọ̀n á mú ìpín tirẹ̀, ẹ̀yìn náà ni ó kan ẹni tí ó wa ọkọ̀ tí ó sì ju àwọ̀n. Ìyá náà ronú pé bí ọmọ òun bá ní àwọ̀n tirẹ̀, ìpín ti àwọ̀n yóò máa wọlé wá. Ó dá àjọ fún odidi ọdún kan. Nígbà tí ó kó o, ó di owó náà mọ́ ìgbátí ìró rẹ̀, ó sì wá bá mi lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Ó ní, “Bàbá Ládàánì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta àwọ̀n. Bàbá yín jẹ́ apẹja, ẹ̀yin náà ti ju àwọ̀n rí. Àwọ̀n wo ni kí ọmọ mi rà?”

Bí a bá sọ̀rọ̀ àwọ̀n, oríṣiríṣi ni. Èyí tí à ń wí yìí ni àwọ̀n àfọwọ́jù, tí ènìyàn kan ṣoṣo lè dá lò. Ó rí roboto bí agboòrùn bí ó bá ṣí. Okùn kan wà ní orí rẹ̀ tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, òjé sì wà yí etí rẹ̀ ká tí ń fà á lọ sí ìsàlẹ̀ omi. Kò gbówó lórí tó àwọ̀n gígùn tí a ń nà sínú omi, kò sì béèrè pé kí ènìyàn ní ọkọ̀ ńlá. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ àwọ̀n ọmọ opó àti àwọ̀n ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó ń tajà náà mọ̀ pé obìnrin ni ó gbé owó wá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà. Èyí tí ojú rẹ̀ kéré jù lọ ni ó kọ́kọ́ gbé jáde, tí ìka ọmọdé kò lè wọ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ wo èyí. Kò sí ẹja tí yóò bọ́ nínú rẹ̀, ńlá àti kékeré.” Ojú ọmọkùnrin náà tàn. Èmi náà fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gba àwọ̀n náà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó na ojú rẹ̀ mọ́ ìka ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní:

“Ta ni yóò yan ẹja tí èyí bá kó wá? Ṣé ìwọ ni? Ẹja tí kò tó ìka mi, bí mo bá tò ó sórí wáyà, ìdajì rẹ̀ yóò já sínú iná, ìdajì tí ó kù yóò gbẹ bí èèpo igi. Igi ìdáná tí mo máa fi yan agbọ̀n kan rẹ̀ kò dín sí èyí tí mo máa fi yan ọ̀bọ̀kún. Tí mo bá sì gbé e dé ọjà Olúwo, àwọn oníbàárà yóò máa fi ọwọ́ tú u ni, wọn yóò sì bá tiwọn lọ. Ọ̀bọ̀kún 3 tí ó kún ọwọ́ yóò mú owó wá ju agbọ̀n wúrúwúrú yìí lọ. Gbé e padà fún wọn.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èmi tí mo ti ju àwọ̀n rí, n kò lè sọ ọ́ dára tó bẹ́ẹ̀. Àwa ọkùnrin a máa wo ohun tí ó kún inú ọkọ̀. Obìnrin ni ó mọ ohun tí ó kún inú àpò. Mo mọ àwọn baálé ilé tí wọ́n ń pa ẹja láti ọdún yìí wá, tí wọn kò bi ìyàwó wọn léèrè rí pé ẹja wo ni ó tà lọ́jà kí wọ́n tó ra àwọ̀n. N kò mọ ìdí rẹ̀. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá náà fi ọgbọ́n ọjà mọ̀, omi náà jẹ́rìí sí i, èyí ni mo sì ṣàlàyé fún ọmọ náà. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré, òwú púpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Omi kì í tètè gba ojú rẹ̀ kọjá, nítorí náà kì í rì kíá. Á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tí atẹ́gùn gbé. Ní ìgbà òjò tí omi dúdú, ó lè rí nǹkan mú. Ní ìgbà ọyẹ́ tí omi mọ́, ẹja ńlá á ti rí òjìji rẹ̀, á ti sá lọ kí ó tó kan ilẹ̀, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò lè sáré ni yóò kù sábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ yóò rì bí òkúta. Àwọn apẹja wa a máa fi ìka wọn ojú àwọ̀n: èyí tí ìka 1 wọ̀, èyí tí ìka 2 wọ̀, èyí tí ìka 3 wọ̀. Fún ẹpìyà tí ó tó jẹ àti ọ̀bọ̀kún tí ó tó tà, mo ní kí ó mú èyí tí ìka 2 wọ̀ dáadáa.

Ẹ̀yìn náà ni ó kan òjé. Àwọ̀n kejì tí wọ́n gbé wá, ojú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́ etí rẹ̀ sílẹ̀, mo rí i pé òjé tí ó wà níbẹ̀ fọ́nká bí eyín arúgbó. Ẹja tí ó bá wà nísàlẹ̀, pàápàá ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ tí ikùn wọn máa ń fara kan ẹrẹ̀, yóò gba àárín òjé méjì jáde ni. Òjé ní láti sún mọ́ ara wọn, kí wọ́n sì wà déédéé yíká. Nípa ìwọ̀n wọn, bí àwọ̀n bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 láti orí dé etí, òjé rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó kìlógíráàmù 3, kí ó má sì ju 4 lọ fún ọmọ tí apá rẹ̀ kò tí ì le. Ẹsẹ̀ bàtà 6 tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ra ti ẹsẹ̀ bàtà 10 nítorí ìgbéraga. Nígbà tí wọ́n bá jù ú, kì í ṣí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń jọ bí ó ti ń bọ́ sínú omi. Kékeré tí ó ṣí roboto sàn ju ńlá tí ó ká jọ lọ.

Mo tún ní kí wọ́n bá wa fi orí rẹ̀ kọ́ sókè, kí á lè rí bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, bóyá apá kan gùn ju apá kejì. Mo fi àtàǹpàkò méjèèjì fa ojú rẹ̀ mélòó kan láti mọ̀ bóyá kókó rẹ̀ ń yọ̀. Kókó tí ó bá yọ̀ lónìí, lọ́la ojú méjì á di ojú kan, ẹja á sì rí ilẹ̀kùn. Ti àpò etí àwọ̀n náà ṣe pàtàkì: ibi tí wọ́n ká etí rẹ̀ sókè sínú tí wọ́n sì so ó, níbẹ̀ ni ẹja máa ń há sí nígbà tí a bá ń fà á bọ̀. Àwọ̀n mìíràn kò ní àpò. Okùn tín-ínrín ni ó ti orí lọ bá etí, tí ó ń fà á jọ bí ẹnu àpò owó. Méjèèjì dára, ṣùgbọ́n alápò rọrùn fún ọmọ wa láti fúnra rẹ̀ tún ṣe.

Ọ̀rá tàbí òwú lílọ́? Àwọ̀n ọ̀rá tí ó mọ́ gaara kì í hàn nínú omi ọyẹ́, ó sì ń tètè rì. Àléébù rẹ̀ ni pé òtútù ìdájí a máa mú un le gan-gan. Ènìyàn ní láti kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi kí ó tó rọ̀. Òwú lílọ́ rọ̀, ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, ó ń wúwo lọ́wọ́. Ọ̀rá ni a mú.

Ọmọkùnrin náà kò tí ì jẹ́ kí ti ojú kékeré lọ nínú ọkàn rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Ládàánì, ẹ má bínú. Ṣebí ẹja kékeré náà wúlò fún wa? A lè fi ojú wẹ́wẹ́ kó wọn láàyè, kí á fi wọ́n há ìwọ̀ ní alẹ́.” Kò parọ́. Àwọn apẹja púpọ̀ ní ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọn a fi àwọ̀n kékeré kó ọmọ ẹja, wọn a tọ́jú wọn sínú garawa, wọn a máa pààrọ̀ omi rẹ̀ kí wọ́n má baà kú, wọn a sì fi ìwọ̀ gún ètè tàbí ẹ̀yìn wọn kí wọ́n lè máa jà nínú omi títí ẹja ńlá yóò fi rí wọn. Nígbà ọyẹ́ wọ́n tilẹ̀ máa ń pẹ́ láàyè, nítorí omi tútù ń gba èémí tí ẹja ń mí dúró ju omi gbígbóná lọ.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn ẹ̀sìn wọ̀ ọ́. Ohun tí a pa nínú omi jẹ́ hàlálì fún wa. Ó wà nínú Súrátù Máídà, ní ẹsẹ 96. Ẹja kò sì nílò ọ̀bẹ àti bísímílà lọ́rùn bí ti ewúrẹ́, nítorí Imam Malik, tí àwa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà rẹ̀, ti kọ ọ́ sínú ìwé Muwatta pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sọ pé omi òkun mọ́, òkú inú rẹ̀ sì tọ́ ní jíjẹ. Ìyẹn ni èsì fún àwọn tí ń bẹ̀rù ẹja tí ó kú sínú àwọ̀n. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ni ó kọ̀ fún wa kí á fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe àmì ìtafà, tí ó sì pàṣẹ pé kí á ṣe dáadáa àní nígbà tí a bá ń pa ẹran. Àwọn onímọ̀ òde òní kò sọ ọ̀rọ̀ kan náà lórí fífi ẹja ààyè há ìwọ̀. Àwọn kan gbà á láàyè bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ sì wí pé níwọ̀n ìgbà tí òkú ẹja bá lè ṣe iṣẹ́ náà, kí á má ṣe dá ẹlẹ́mìí lóró láìnídìí.

Mo wá bi ọmọ náà pé, “Ẹja wo ni o fẹ́ fi ìwọ̀ mú?” Ó ní ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀. Mo ní, “Ṣé o rí irùngbọ̀n wọn?” Àwọn ẹja onírùngbọ̀n wọ̀nyí, òórùn àti ìtọ́wò ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ nínú òkùnkùn ju ojú lọ. Edé tí ó ti kú, ẹ̀yà ìfun ẹja, ekòló, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Àwọn apẹja mìíràn ń fi ègé ọṣẹ há ìwọ̀ fún wọn, wọ́n sì ń rí wọn mú! Ẹja bíi kúta, tí ń fi ojú ṣọdẹ, ni ó máa ń fẹ́ ohun tí ń jà. Ìyẹn sì ń gbé omi iyọ̀ ní ìhà Èkó ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Nítorí náà kò sí ìdí fún ẹja ààyè, bí kò bá sì sí ìdí fún ẹja ààyè, kò sí ìdí fún àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń rò ó.

Ohun kan tún wà tí mo sọ fún un lójú ọ̀nà. Ẹpìyà ọ̀sà wa, èyí tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, kì í ṣe ìyá ni ó ń tọ́jú ẹyin. Bí abo bá ti yé e tán, akọ ni yóò kó gbogbo rẹ̀ sí ẹnu, yóò sì pa ẹnu dé mọ́ ọn fún bí ọ̀sẹ̀ 2, láìjẹun, títí wọn yóò fi pa tí wọ́n á sì lè lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá ti fa àwọ̀n sókè rí yóò ti rí ẹpìyà tí ó ń tu ẹyin jáde sínú ọkọ̀. A kò lè yẹra fún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti jáde lẹ́nu bàbá wọn, tí wọn kò tí ì tó ìka ọwọ́, ó yẹ kí ojú àwọ̀n fún wọn láyè láti kọjá lọ, kí wọ́n dàgbà kí àwọn náà tún bí tiwọn. Àwọn àgbà tí mo bá ní etí ọ̀sà ń sọ pé ẹja kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n ń dá àwọn tí ń wa iyanrìn lẹ́bi, wọn kò sì ṣèké, ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ kí ẹnì kan nínú wọn dá ojú àwọ̀n tirẹ̀ lẹ́bi.

Owó ṣẹ́kù díẹ̀. Ọmọ fẹ́ kí a fi ra bàtà. Ìyá rẹ̀ ní rárá. Ó ra òwú àti abẹ́rẹ́ ìran àwọ̀n, lẹ́yìn náà ó béèrè fún ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó. Ẹni tí ń tajà rẹ́rìn-ín pé ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ìyá náà dá a lóhùn pé òun kò sọ pé kò mọ̀ ọ́n, kùrukùru ọyẹ́ ni òun ń sọ. Òótọ́ ni. Ọ̀nà omi yìí ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà wá láti Èkó ní 1851, àwọn Mùsùlùmí púpọ̀ sì wà nínú wọn. Títí di òní a kò tí ì bọ́ lọ́wọ́ ewu rẹ̀. Ní ìdájí ọyẹ́ kùrukùru a máa bo ọ̀sà tí ènìyàn kò ní rí orí ọkọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì a sì máa sáré bọ̀ bí ẹni pé òun nìkan ni ó ni omi. Mo ní kí ó máa dúró títí oòrùn yóò fi là á, nítorí ẹja pàápàá kì í tètè súnmọ́ etí omi kí ilẹ̀ tó móoru.

Mo tún kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe fi eyín di etí àwọ̀n mú bí ó bá fẹ́ jù ú, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe, nítorí òjé kò dára fún ẹnu, àwọn tí ó sì gbàgbé láti ya ẹnu ti fi eyín wọn sílẹ̀ nínú ọ̀sà. Èjìká tó. Kí ó máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan àwọ̀n rẹ̀ ní alẹ́, kí ó sá a sí ibòòji, nítorí oòrùn ń mú ọ̀rá gbó kíá. Èyí tí ó bá sì ya tí kò ṣeé ran mọ́, kí ó má ṣe jù ú sínú omi. Ọ̀rá kì í jẹrà bí òwú ayé àtijọ́. Yóò máa pa ẹja nìṣó nísàlẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tí kò sí.

Bí a ti dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni ìyá náà tún rántí ìrun. Ó ní bí ọmọ náà bá wà lójú omi ní àkókò Àyìlá ńkọ́? Mo ní omi ọ̀sà dára fún àlùwàlá. Bí ó bá lè dúró nínú ọkọ̀, kí ó dúró. Bí ó bá bẹ̀rù pé ọkọ̀ yóò dànù, kí ó jókòó kírun, kí ó kọjú sí Gábàsì bí ó bá ti lè ṣe tó, kí ó sì kọ́kọ́ fa àwọ̀n rẹ̀ sókè tàbí kí ó so ọkọ̀ mọ́ òpó, kí ọkàn rẹ̀ má baà wà lọ́dọ̀ ẹja. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ó tètè dé. Ọmọ náà ní, “Mo gbọ́, Bàbá,” ó gbé àwọ̀n náà kọ́ èjìká, ìyá rẹ̀ sì ní kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó lọ já igi wá sínú ààrò ná.